Ṣímìnì bíríkì àtijọ́ àti ààrò búrẹ́dì onígáàsì: ẹ gbà mí níyànjú kí n tó tún tan iná sí i

ỌmọAlábúrẹ́dì, Mọ́níyà · Mọ́ńdè, 9:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Bẹ́kìrì bàbá mi ni mo gbà ṣe, ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti kọ́ ọ, ààrò bíríkì onígi ni wọ́n ń lò níbẹ̀ látìgbà yẹn. Ṣímìnì rẹ̀ náà bíríkì ni, ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 18, inú rẹ̀ fẹ̀ ní ínṣì 18 níbùú, ínṣì 18 lóròó. Igi ti wọ́n báyìí, àwọn tó ń gé e ò sì mú un wá déédéé mọ́, ni mo bá ra ààrò onírin tó ń lo gáàsì. Ihò tí èéfín ń gbà jáde lẹ́yìn rẹ̀, ínṣì 6 ni. Wẹ́dà tó bá mi gbé e wọlé ló fi páìpù páànù kan so ó mọ́ ṣímìnì bàbá mi, ó gbẹ́ ihò sára bíríkì, ó ki páìpù bọ̀ ọ́, ó ní ó parí.

Ọ̀sẹ̀ méjì rèé. Aago 2 òru la máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tó bá fi máa di aago 5 orí á ti máa fọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ méjì tó ń dúró nídìí ààrò, ọ̀kan tiẹ̀ bì lọ́jọ́ Fráídé. A rò pé ibà ni, wọ́n ti lo oògùn ibà. Èmi náà tí mo bá dúró pẹ́ níbẹ̀ orí á máa fọ́ mi. Tá a bá jáde síta tí ilẹ̀ mọ́, ó máa ń lọ. N ò rí èéfín kankan o, kò sì sí òórùn. Omi kan tún ń jò níbi tí páìpù ti wọ ṣímìnì, ó pọ́n bí omi tíì, nǹkan funfun kan sì ń yọ lára bíríkì níta.

Ìbéèrè mi ni pé ṣé ṣímìnì yìí dáa fún gáàsì àbí kí n wó o? Mo sì fẹ́ fi ààrò onígi sílẹ̀, kí n máa lò ó nígbà tí gáàsì bá wọ́n, kí àwọn méjèèjì jọ máa lo ṣímìnì kan náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.

ÌyáÌbejì, Apẹ̀tẹ́ · Mọ́ńdè, 10:05 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ àbúrò. Gáàsì kì í ní èéfín, ṣebí ohun tá a ṣe ń sá kúrò nídìí igi nìyẹn. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń fi gáàsì yan búrẹ́dì àti kéèkì, n ò ní ṣímìnì kankan, fèrèsé ni mò ń ṣí. Orí fífọ́ yẹn, àìsùn ni. Ẹni tó ń jí laago 2 òru lójoojúmọ́, ṣé orí ò ní fọ́ ọ ni? Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sùn lọ́sàn-án.

Nọ́ọ̀sì_ÒkèÀdó · Mọ́ńdè, 10:31 alẹ́

Màmá Ìbejì, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín, ọ̀rọ̀ yìí ò ṣe é fi falẹ̀ ni. ỌmọAlábúrẹ́dì, ẹ má tan ààrò yẹn lóru òní. Mo bẹ̀ yín lórúkọ Ọlọ́run.

Orí ń fọ́ ju ẹnì kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà, èébì ń gbé ẹnì kan, ó ń lọ tẹ́ ẹ bá ti jáde síta. Ibà kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ibà ò ní dúró de yín nínú bẹ́kìrì kó wá fi yín sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Carbon monoxide nìyẹn, CO ni wọ́n máa ń kọ. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Òórùn tá a máa ń gbọ́ lára gáàsì ìdáná, wọ́n fi sí i ni ká lè mọ̀ tó bá ń jò, tí gáàsì bá ti jóná òórùn yẹn ti bá a lọ. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé afẹ́fẹ́ oxygen kiri ara wa, CO yìí sì máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju oxygen lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Díẹ̀díẹ̀ ló ń gba àyè mọ́ ọn lọ́wọ́, títí ara ò fi ní rí nǹkan mí mọ́. Ẹni tó bá sùn lọ síbi tó bá ti pọ̀, kò ní jí.

Ẹ kó àwọn ọmọ yẹn lọ sílé ìwòsàn láàárọ̀ ọ̀la, kẹ́ ẹ sì dárúkọ CO fún dókítà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ibà. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n máa ń fi há ìka, tó ń ka oxygen, ẹ má gbára lé e, torí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀jẹ̀ tó gbé oxygen àti èyí tó gbé CO, ó lè ka 98 fún ẹni tó ń kú lọ. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń fi hàn. Àti epo pupa, àti mílíìkì inú agolo tá a máa ń dà sí èèyàn lẹ́nu, kò ṣe nǹkan kan sí i, inú ẹ̀jẹ̀ ló wà kì í ṣe inú ikùn, tí ẹni náà bá sì ti ń dákú epo yẹn lè gba ibi tí kò yẹ lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Afẹ́fẹ́ ìta ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé e sí, lẹ́yìn ìyẹn oxygen nílé ìwòsàn. Tó bá ń mí afẹ́fẹ́ lásán, ó máa tó wákàtí 4 sí 5 kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n bá fún un ní oxygen gidi ó máa ń tó wákàtí kan tàbí kó lé díẹ̀.

ỌmọAlábúrẹ́dì, Mọ́níyà · Mọ́ńdè, 10:44 alẹ́

Àyà mi já. Mo ti pè wọ́n, kò sí iṣẹ́ lóru òní. Ìyàwó ọ̀kan nínú wọn wà nínú oyún, òun náà máa ń wá bá wa di búrẹ́dì sínú ọ̀rá láàárọ̀.

Nọ́ọ̀sì_ÒkèÀdó · Mọ́ńdè, 10:47 alẹ́

Ẹ mú òun gan-an lọ ṣáájú. Ọmọ inú oyún máa ń gbà á ju ìyá lọ, ó sì máa ń pẹ́ lára ọmọ kó tó kúrò.

Wẹ́dà_Gate · Túsìdé, 7:20 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ gbogbo ilé. Èmi náà máa ń jó ààrò búrẹ́dì pọ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dá wẹ́dà yẹn lẹ́bi jù, bá a ṣe kọ́ ọ lọ́wọ́ ọ̀gá wa nìyẹn, tí ṣímìnì bá ti wà ńlẹ̀ èèyàn á so páìpù mọ́ ọn. Ohun tí mo rò ni pé kẹ́ ẹ ra fáànù ńlá tó ń fa afẹ́fẹ́ síta, kẹ́ ẹ gbé e sára ògiri lókè ààrò, gbogbo ooru àti CO yẹn ló máa fà jáde. Ó yá ju kéèyàn máa tú ṣímìnì lọ.

Pulọ́ńbà_Òjòó · Túsìdé, 8:02 àárọ̀

Páìpù PVC ínṣì 6 ni kẹ́ ẹ rà, ẹ gbà á gba ara ògiri jáde tààrà, kẹ́ ẹ gbàgbé ṣímìnì. Mo rí i nínú fídíò àwọn òyìnbó, PVC funfun ló ń jáde lára ògiri ilé wọn, ẹ̀rọ gáàsì sì ni. Kì í dípẹtà, kì í wọ́n.

Ọmọ_Bẹẹrẹ_ní_Chicago · Túsìdé, 1:15 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀sán o. Ilé wa wà ní Bẹẹrẹ, ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, àmọ́ iṣẹ́ tí mò ń ṣe níbí láti ọdún 11 sẹ́yìn ni iṣẹ́ ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, furnace ni wọ́n ń pè é, gáàsì ló ń jó nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ gbé wá yìí ló ń gbé mi jáde nílé láràárọ̀, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Àwọn ilé àtijọ́ níbí, ìgbà tí wọ́n ń jó èédú òkúta ni wọ́n kọ́ wọn, ṣímìnì bíríkì wọn sì fẹ̀ gan-an. Nígbà tí gáàsì dé, wọ́n kàn ki páìpù gáàsì bọ inú ṣímìnì èédú, bí wọ́n ṣe ṣe tiyín yẹn gẹ́lẹ́. Nǹkan tó ń gbé èéfín gòkè ni ooru, kò sí nǹkan míì. Iná igi máa ń ju ooru púpọ̀ sínú ṣímìnì, kò sí ìgbà tí kò ní gòkè. Ààrò gáàsì ń gbìyànjú láti fi ooru yan búrẹ́dì, ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù tó ń jáde, tí ìwọ̀nba yẹn bá wá já sínú ihò ńlá, ó máa tàn ká, ó máa tutù, agbára á tán nínú rẹ̀, á dúró. Tó bá dúró, inú bẹ́kìrì ló máa padà sí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Nínú òfin gáàsì ti Amẹ́ríkà, fún ẹ̀rọ tí kò ní fáànù tó ń ti èéfín, inú ṣímìnì ò gbọdọ̀ ju ìlọ́po 7 ẹnu ihò ẹ̀rọ lọ. Ihò ínṣì 6 tó rí roboto, tá a bá ṣírò bí ẹnu rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, nǹkan bíi square inch 28 ni, ìlọ́po 7 rẹ̀ ò ju 198 lọ. Ṣímìnì bàbá yín, 18 lọ́nà 18, 324 nìyẹn. Ó ti tóbi jù láti ilé.

Omi tó ń jò yẹn ńkọ́? Gáàsì tó bá jóná máa ń di omi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń se oúnjẹ ti rí i lára ìdérí ìkòkò. Kílò gáàsì kan máa ń bí omi tó ju lítà kan àbọ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá jó kílò 10 mọ́jú, lítà 15 ti gba inú ṣímìnì yẹn kọjá bí ooru omi, tí ara bíríkì bá sì lọ sílẹ̀ tó nǹkan bí 55 lórí ìwọ̀n Celsius, á di omi gidi, á máa ṣàn bọ̀. Omi yẹn kan, ó máa ń jẹ sìmẹ́ńtì àárín bíríkì. Àwọ̀ tíì yẹn, èédú igi ọgbọ̀n ọdún ló ń fọ̀ bọ̀, nǹkan funfun yẹn, iyọ̀ inú bíríkì ló ń yọ síta. Mo ti rí ṣímìnì níbí tí mo fi ìka lásán fa bíríkì yọ lára rẹ̀. Ilé yẹn, wọ́n ti pààrọ̀ furnace sí ti ìgbàlódé tó ń gba ara ògiri jáde, wọ́n wá fi ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé omi gbóná nìkan sílẹ̀ nínú ṣímìnì ńlá. Ẹ̀rọ kékeré yẹn ò lágbára àtimú ṣímìnì gbóná, ọdún mẹ́ta péré ó ti jẹ ẹ́ tán.

Ẹ̀gbọ́n Pulọ́ńbà, òótọ́ lẹ rí nínú fídíò, àmọ́ furnace tó ń lo PVC yẹn, ó ti fa gbogbo ooru inú èéfín tán kó tó jáde, èéfín rẹ̀ ò gbóná, ó sì ní fáànù tirẹ̀ nínú tó ń tì í. PVC kì í fara da ooru tó bá ti kọjá nǹkan bí 60. Èéfín ààrò búrẹ́dì á yọ́ ọ lọ́jọ́ kìíní, CO á wá máa jáde láàárín ògiri.

Wẹ́dà_Gate, fáànù tẹ́ ẹ sọ yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ yàrá síta, ibo ni afẹ́fẹ́ míì á gbà wọlé dípò èyí tó fà? Tí ilẹ̀kùn bá tì, inú ṣímìnì ló máa gbà wọlé. Ó máa fa èéfín padà sórí àwọn ọmọ yẹn ni.

Ohun tí a máa ń ṣe ni pé a máa ń sọ páìpù stainless steel sínú ṣímìnì látòkè délẹ̀, ínṣì kan náà pẹ̀lú ihò ẹ̀rọ, tàbí bí tábìlì ìwọ̀n rẹ̀ bá ṣe wí, a ó wá dí òkè àti ìsàlẹ̀ àyè tó kù láàárín páìpù àti bíríkì. Bíríkì wá di aṣọ tó ń dáàbò bo páìpù. Kẹ́ ẹ sì gbá gbogbo èédú igi kúrò kó tó wọlé. Páìpù tó ti ẹ̀yìn ààrò lọ síbi ṣímìnì, kó má gùn, kó máa gòkè díẹ̀díẹ̀, ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin ínṣì kan lórí ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, kó má sì sí ibi tó ti tẹ̀ sílẹ̀. Ẹ fi skrúù mẹ́ta-mẹ́ta de oríkèé rẹ̀. Tí igi òrùlé bá wà nítòsí rẹ̀, ínṣì 6 ni kó jìnnà sí i.

Ààrò onígi àti onígáàsì nínú ṣímìnì kan, rárá o. Ọjọ́ tẹ́ ò bá lo onígi, ẹnu rẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ á máa da afẹ́fẹ́ tútù sínú ṣímìnì, á pa agbára gáàsì. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá lò ó, èédú rẹ̀ á dí ti gáàsì. Òfin ibí kì í gbà á.

BàbáBíríkìlà, Bẹẹrẹ · Túsìdé, 6:48 ìrọ̀lẹ́

Ọmọ wa tó wà lókè òkun, o káre, o ò gbàgbé ilé. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Mo ti mọ ṣímìnì bẹ́kìrì tó pọ̀ nílùú yìí, mo fẹ́ sọ tèmi.

Èkíní, Ìbàdàn kì í ṣe ìlú yìnyín. Bíríkì tiwa kì í tutù bíi tiyín, omi tó ń dì nínú ṣímìnì lọ́hùn-ún ò lè tó bẹ́ẹ̀ níbí. Stainless wọ́n. Tó bá jẹ́ èmi, màá gun òkè, màá fi amọ̀ àti sìmẹ́ńtì rẹ́ inú rẹ̀ kí ihò rẹ̀ kéré. Ẹ̀ẹ̀kejì, kò sẹ́ni tó tíì béèrè bóyá ihò yẹn tiẹ̀ là. Ṣímìnì tí wọn ò dá iná sí fún oṣù díẹ̀, ẹyẹ á ti kọ́lé síbẹ̀. Ẹ sọ dígí sí ìsàlẹ̀ ṣímìnì lọ́sàn-án gangan, ẹ wo inú dígí, tẹ́ ò bá rí ojú ọ̀run nǹkan wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ yín, ṣé wọn ò tíì kọ́ ilé gíga síbẹ̀?

Ọmọ_Bẹẹrẹ_ní_Chicago · Túsìdé, 9:30 alẹ́

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Ọ̀rọ̀ dígí yẹn, èmi ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ ọ́. Òótọ́ ni pé omi á dín kù nílé. Àmọ́ ooru ilé wa náà ló tún ń ṣe nǹkan míì: níbí, ìta lè jẹ́ 15 sísàlẹ̀ òdo, èéfín gbígbóná á fò sókè bí ìbọn. Nílé, ìta 28, 30, ìyàtọ̀ àárín èéfín àti ìta ti kéré, agbára tó ń fà á sókè kéré sí tibí. Ìdí nìyẹn tí ihò tó fẹ̀ jù á fi tètè dá tiwa dúró. Ti rírẹ́ inú rẹ̀, ihò ínṣì 18 tẹ́ ẹ fẹ́ fi amọ̀ sọ di 6, amọ̀ yẹn á nípọn tó ínṣì 6 yíká, ooru á là á, á já lulẹ̀, á sì dí ihò náà lọ́jọ́ tẹ́nì kan ò mọ̀.

BàbáBíríkìlà, Bẹẹrẹ · Túsìdé, 9:58 alẹ́

Ó yé mi. Amọ̀ tó nípọn tó bẹ́ẹ̀ ò lè dúró lóòró, mo gbà. Àmọ́ kí wọ́n fi ilẹ̀kùn kékeré sí ìsàlẹ̀ ṣímìnì tí wọn ó máa gbà kó ìdọ̀tí, kó ṣe é tì gbọn-in.

ỌmọAlábúrẹ́dì, Mọ́níyà · Wẹ́sìdé, 4:10 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. A lọ sílé ìwòsàn lánàá. Àwọn méjèèjì àti ìyàwó yẹn, dókítà ní CO ló ṣe gbogbo wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú ẹ̀jẹ̀ wọn torí a ò ṣiṣẹ́ mọ́jú, àwọn tó ń dúró nídìí ààrò ló ṣe jù, wọ́n fi wọ́n sórí oxygen fún wákàtí díẹ̀. Ọmọ inú ṣì ń mira dáadáa, wọ́n ní kó máa padà wá fún àyẹ̀wò. N ò lè sùn lánàá. Àwọn ọmọ ọlọ́mọ.

Bàbá, mo fi dígí wò ó bẹ́ ẹ ṣe wí, òkùnkùn ni mo rí. Ìtẹ́ ẹyẹ ni, a fi ọ̀pá gígùn tì í wálẹ̀, ó kún garawa kan, bíríkì méjì sì bá a já bọ́. Ẹ sì sọ ọ́ bí ẹni pé ẹ wà níbẹ̀: ará ẹ̀gbẹ́ wa ti kọ́ pẹtẹ́ẹ̀sì, ẹsẹ̀ bàtà 7 ló fi jìnnà sí ṣímìnì wa, òrùlé rẹ̀ ga tó 22. Kí ni kí n ṣe sí ìyẹn?

BàbáBíríkìlà, Bẹẹrẹ · Wẹ́sìdé, 5:02 ìrọ̀lẹ́

Ohun tí mo ń bẹ̀rù nìyẹn. Atẹ́gùn á lu pẹtẹ́ẹ̀sì, á padà já sínú ṣímìnì. Ọmọ mi, fi ṣímìnì sílẹ̀ fún onígi, kó o gba òrùlé jáde lọ́nà kejì tó jìnnà sí pẹtẹ́ẹ̀sì, kí ààrò onígáàsì ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Wàá tún rí igi dá.

Ọmọ_Bẹẹrẹ_ní_Chicago · Wẹ́sìdé, 5:40 ìrọ̀lẹ́

Bàbá, ìmọ̀ràn yín dáa ju tèmi lọ tí òrùlé bá gbà á. Páìpù onípele méjì ni kó jẹ́, ìyẹn lè sún mọ́ igi òrùlé tó ínṣì kan. Páànù wo ló wà lórí ilé yẹn?

ỌmọAlábúrẹ́dì, Mọ́níyà · Wẹ́sìdé, 5:51 ìrọ̀lẹ́

Asibẹ́sítọ́ọ̀sì ni o. Ti bàbá mi látìgbà náà.

Wẹ́dà_Gate · Wẹ́sìdé, 6:15 ìrọ̀lẹ́

Kò ṣòro, a ó fi ẹ̀rọ ìgé la ihò sí i, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Nọ́ọ̀sì_ÒkèÀdó · Wẹ́sìdé, 6:20 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gé e. Eruku asibẹ́sítọ́ọ̀sì tí ẹ̀rọ ìgé bá gbé dìde, ẹ̀dọ̀fóró ló ń wọ̀, kì í jáde mọ́, ó lè tó ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó di jẹjẹrẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gé e lẹ máa kọ́kọ́ fà á símú, orí ìyẹ̀fun wọn ló sì máa já sí. Bí wọn ò bá fọwọ́ kàn án tí kò sì fọ́, ó sàn kó wà bẹ́ẹ̀.

Ọmọ_Bẹẹrẹ_ní_Chicago · Wẹ́sìdé, 7:05 alẹ́

Nọ́ọ̀sì ti parí ìyẹn. A padà sínú ṣímìnì nìyẹn, torí ó ti gba òrùlé kọjá tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó máa gé nǹkan kan. Ẹ sọ páìpù stainless sínú rẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kó yọ sókè. Ìwọ̀n tá a ń lò fún ṣímìnì bíríkì ni pé kó fi ẹsẹ̀ bàtà 3 ga ju ibi tó ti yọ lára òrùlé, kó sì fi ẹsẹ̀ bàtà 2 ga ju ohunkóhun tó wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 10 sí i. Pẹtẹ́ẹ̀sì yẹn wà ní 7, ó ti wọnú ìṣirò. 22 àti 2, 24. Ṣímìnì yín jẹ́ 18, ẹ máa fi páìpù onípele méjì gòkè ní ẹsẹ̀ bàtà 6 sí i, ẹ fi wáyà dì í mú lọ́nà mẹ́ta torí ìjì. Kó má dojú kọ fèrèsé ará ẹ̀gbẹ́ yín, ọmọ tiẹ̀ náà ń sùn níbẹ̀. Ẹ dé e ní fìlà tí òjò ò fi ní wọlé, pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì tí ojú rẹ̀ tóbi díẹ̀, tó bá wẹ́ jù èédú á dí i.

Onígi yẹn ńkọ́, ẹ fi bíríkì dí ẹnu rẹ̀ pátápátá. Ó dùn mí fún yín.

Wẹ́dà_Gate · Wẹ́sìdé, 8:30 alẹ́

Mo ti ka gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbà pé mo ṣìnà lórí fáànù. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa rí pé ó lè fa èéfín padà, mo sì ti gbé irú ẹ̀ fún èèyàn méjì, màá pè wọ́n lọ́la.

Páìpù yẹn, mo lè ṣe é, stainless 304, ẹsẹ̀ bàtà 4 ìkọ̀ọ̀kan. Ẹnu páìpù òkè ni màá jẹ́ kó wọ inú ti ìsàlẹ̀, tí omi bá ń ṣàn bọ̀ inú ló máa wà. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ta páànù lásán fún yín, omi kíkan yẹn á jẹ ẹ́. Àwọn tó bá fẹ́ lo fáànù tó ń ti èéfín nínú páìpù fúnra ẹ̀, mo ti ṣe irú ẹ̀ rí, àmọ́ ẹ rántí iná NEPA: tí iná bá lọ láago 3 òru fáànù dúró, gáàsì ò dúró. Fáàfù oníná gbọ́dọ̀ wà lójú gáàsì tó máa pa á fúnra ẹ̀ tí iná bá ti lọ, àti èyí tó máa mọ̀ tí fáànù bá kọ̀ láti yí. Fún ti ẹ̀gbọ́n yìí ẹ jẹ́ ká fi ooru ṣe é, kò sí NEPA nínú ọ̀rọ̀ ooru.

Pulọ́ńbà_Òjòó · Wẹ́sìdé, 9:12 alẹ́

Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ là mí lóye lórí PVC. Ẹ jẹ́ kí n fi ti gáàsì fúnra ẹ̀ kún un, torí iṣẹ́ mi nìyẹn. CO fúyẹ́ díẹ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, inú yàrá gbogbo ló ń dà pọ̀ mọ́. Gáàsì sílíńdà tí kò tíì jó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń wá, á máa fà lọ sínú gọ́tà. Sílíńdà kó wà níta lábẹ́ ìbòrí, kí rọ́bà má gùn, ẹ fi omi ọṣẹ dán oríkèé wò, tó bá ń hó ó ń jò. Iná inú bọ́nà kó jẹ́ búlúù, tó bá pọ́n tí orí rẹ̀ sì ń jó dúdú, kò rí afẹ́fẹ́ tó nìyẹn, CO ló ń ṣe.

Ọmọ_Bẹẹrẹ_ní_Chicago · Wẹ́sìdé, 9:40 alẹ́

Ó ṣeun gan-an. Afẹ́fẹ́ wíwọlé la ò tíì sọ. Kílò gáàsì kan ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tó tó kílò 15 kó tó jó tán. Ẹ la ihò méjì sára ògiri tó kojú ìta, ọ̀kan nítòsí ilẹ̀, ọ̀kan nítòsí àjà, tí ààrò bá jẹ́ 100,000 BTU (ìwọ̀n agbára iná rẹ̀ ní wákàtí kan, wọ́n máa ń kọ ọ́ sára ààrò) kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ínṣì 5 lọ́nà 5 tó là gedegbe, tí nẹ́ẹ̀tì bá wà níbẹ̀ kó tóbi sí i. Kí wọ́n má ṣe é tì.

BàbáBíríkìlà, Bẹẹrẹ · Wẹ́sìdé, 9:55 alẹ́

Búlọ́ọ̀kù oníhò ni kẹ́ ẹ fi síbẹ̀. Ẹni tó bá ń gbọ́ òtútù ò ní rí nǹkan tì.

ÌyáÌbejì, Apẹ̀tẹ́ · Sátidé, 11:20 àárọ̀

Mo ti dákẹ́ láti ọjọ́ Mọ́ńdè, mo ń kà á ni. Fèrèsé tí mo ní mò ń ṣí, nígbà ọyẹ́ n kì í ṣí i. Ìyẹ̀fun tá a pò kì í wú nínú òtútù, a máa ń ti gbogbo ẹ̀ pa. Àwọn ọmọ mi máa ń sọ pé ọyẹ́ ló ń fọ́ àwọn lórí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà l'Ékòó ní álààmù CO kan, mo ní kó fi ránṣẹ́. Lóru àná mo ti fèrèsé pa nígbà tí èmi nìkan wà níbẹ̀, mo tan iná, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Láàárín wákàtí kan ó ka 85 ppm, ìyẹn ìwọ̀n CO tó wà nínú afẹ́fẹ́. Mo pa á, mo jókòó síta, mo sunkún. Ọdún mẹ́rin.

Nọ́ọ̀sì_ÒkèÀdó · Sátidé, 11:34 àárọ̀

Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ má dán an wò bẹ́ẹ̀ mọ́ o, ẹ ò gbọdọ̀ dá nìkan wà níbẹ̀. Ní 400, orí á ti máa fọ́ èèyàn láàárín wákàtí kan sí méjì. Ní 800, òòyì àti èébì ò ní kọjá ìṣẹ́jú 45, wákàtí méjì sí mẹ́ta ó lè pa èèyàn. Ọlọ́run ló kó yín yọ.

ỌmọAlábúrẹ́dì, Mọ́níyà · Sọ́ńdè, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, 8:15 alẹ́

Ẹ kú àdúrótì. Wẹ́dà_Gate wá fúnra ẹ̀, Bàbá Bíríkìlà náà wá láti Bẹẹrẹ, wọn ò jẹ́ kí n rí wọn sanwó ọkọ̀. A kó èédú àpò méjì ààbọ̀ jáde nínú ṣímìnì. Bàbá tún sìmẹ́ńtì òkè rẹ̀ rẹ́, wọ́n sọ páìpù sínú rẹ̀, wọ́n dí ẹnu ààrò onígi. Ó dùn mí nígbà tí bíríkì tó kẹ́yìn wọlé, ojú ibẹ̀ ni bàbá mi máa ń dúró sí. Páìpù yọ sókè tó ẹsẹ̀ bàtà 6, wáyà mẹ́ta, fìlà. Búlọ́ọ̀kù oníhò méjì. Álààmù méjì, ọ̀kan nítòsí ibi tá a ti ń pò, ọ̀kan nítòsí yàrá táwọn ọmọ ń sinmi sí, bí ìwé rẹ̀ ṣe wí.

Lálẹ́ àná òjò rọ̀, kò sí atẹ́gùn, ooru mú. A ti gbogbo ilẹ̀kùn, a tan ààrò, a dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo gbé kọ́ìlì ẹ̀fọn tó ń rú èéfín sí ẹnu ibi tí ààrò ti ń gba afẹ́fẹ́ sínú páìpù lẹ́yìn. Ó fà á wọlé wẹ́rẹ́. Títí di aago 6 àárọ̀, álààmù méjèèjì ò kúrò ní òdo. Orí ò fọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọmọ_Bẹẹrẹ_ní_Chicago · Sọ́ńdè, 8:40 alẹ́

Inú mi dùn débi pé mo ka á sókè fún ìyàwó mi. Ẹ tún dán kọ́ìlì yẹn wò lọ́sàn-án gangan nígbà tí ooru ìta bá le jù, ìgbà yẹn ni agbára rẹ̀ máa kéré jù. Kẹ́ ẹ sì kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ ra álààmù sẹ́yìn rẹ̀, ó ní ọdún tó máa ń kú.

ÌyáÌbejì, Apẹ̀tẹ́ · Sọ́ńdè, 9:03 alẹ́

Wẹ́dà_Gate, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wọn tèmi náà ní Sátidé. Ihò ẹ̀yìn ààrò mi ínṣì 5 ni, páànù lásán ló wà lórí ilé mi, kì í ṣe asibẹ́sítọ́ọ̀sì. Mo ti dá iṣẹ́ dúró títí dìgbà yẹn.

Wẹ́dà_Gate · Sọ́ńdè, 9:10 alẹ́

Mò ń bọ̀ láago 9 àárọ̀ Màmá. Ẹ bá mi wọn bí òrùlé ṣe ga tó àti bí ilé ẹ̀gbẹ́ yín ṣe jìnnà tó, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ kí n tó gé páìpù.